Kí Oníwàásù Tó Dìde

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan àwọn tó ń wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì kan àwọn tó ń jókòó gbọ́ wọn.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 1844, àlùfáà kan dìde láti wàásù ní ìlú Freetown, lórílẹ̀-èdè Sierra Leone. Samuel Àjàyí Crowther ni. Ọmọ Òṣogùn ni, ogun kó o lẹ́rú nílé ní 1821, wọ́n tà á títí tó fi dé inú ọkọ̀ àwọn olówò ẹrú, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ lórí òkun. Àwọn Yorùbá tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí pọ̀ ní Freetown nígbà náà, àwọn ló sì wá jókòó síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí. Yorùbá ló fẹ́ fi wàásù fún wọn. Irú ìsìn bẹ́ẹ̀ kò tíì wáyé rí níbẹ̀. Ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti inú Lúùkù orí 1, ẹsẹ 35, níbi tí áńgẹ́lì ti ń dá Màríà lóhùn.

Ohun tí Crowther kọ sílẹ̀ nípa ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí dáadáa. Ó ní èdè òun ni, èdè tí òun gbọ́ dunjú, ṣùgbọ́n bí òun ti dúró níbẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ bí ọmọ ọwọ́. Ibi tí òun wà, iṣẹ́ tí òun ń ṣe, àwọn tó wà níwájú òun, gbogbo rẹ̀ ṣàjèjì sí òun, ó dà bí àlá. Ìjọ ní tiwọn kò ṣe "Àmín" nígbà tó ṣe tán. "Kí ó ṣẹ!" ni gbogbo ilé náà dáhùn.

Ta ló ń sọ pé òun dà bí ọmọ ọwọ́ o? Ọkùnrin tó tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1843, ọdún tó ṣáájú. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí ní Lọ́ńdọ̀nù pé kó di àlùfáà. Kò sí ọmọ Yorùbá kan nígbà náà tó ti jókòó ti èdè yìí pẹ̀lú ìwé àti kálàmù tó bẹ́ẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lè gbọ̀n kó tó sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní èdè ìyá rẹ̀, kí ló dé tí ọkàn tiwa fi balẹ̀ tó báyìí? Mo ti rí oníwàásù tó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n ń kọ orin tó ṣáájú ìwàásù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí Bíbélì wá ibi tí yóò kà. Ẹ̀rù irú àwọn bẹ́ẹ̀ ń bà mí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ìwàásù ọjọ́ Àìkú, láti ọjọ́ Ajé ni. Ohun tí oníwàásù ṣe pẹ̀lú Bíbélì rẹ̀, pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, àti pẹ̀lú ara rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, òun náà ni ìjọ máa gbọ́, bó pariwo bí kò pariwo.

Ẹ jẹ́ ká mú ibì kan wò. Lúùkù orí 7, láti ẹsẹ 11 dé 17, ọ̀rọ̀ opó Náínì. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ ìwàásù lórí rẹ̀ láìmọye ìgbà. Báwo ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é? Oníwàásù á ka ẹsẹ méjì, á pa Bíbélì dé, á gbá máíkì mú, á ní ohunkóhun tó bá ti kú láyé rẹ, iṣẹ́ ni o, ọjà ni o, ìgbéyàwó ni o, ó ń jí lónìí! Ìjọ á dìde, ìlù á bọ́ sí i. Á ní kí kálukú sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé "tèmi ti jí." Kí ẹ tó mọ̀, opó náà ti pòórá. Ọmọ rẹ̀ ti pòórá. A ò tún gbúròó Náínì mọ́ títí tí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Ẹni tó bá jókòó ti ibẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, ohun tó máa rí yàtọ̀. Yóò rí i pé èrò méjì ló pàdé lẹ́nu ibodè: èrò tó ń tẹ̀lé Jésù wọ̀lú, àti èrò tó ń gbé òkú jáde. Yóò rí i pé opó náà kò bẹ Jésù ní ohunkóhun. Kò ké pè é bíi ti Bátíméù afọ́jú. Kò fọwọ́ kan etí aṣọ rẹ̀ bíi ti obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀. Lúùkù kò sọ fún wa pé ó ní ìgbàgbọ́ tàbí pé kò ní. Olúwa rí i, àánú rẹ̀ ṣe é, ó sì ní kó má sunkún mọ́. Lẹ́yìn náà ló rìn dé ibẹ̀, tó fọwọ́ kan ohun tí wọ́n fi ń gbé òkú náà. Òfin Mósè, nínú ìwé Númérì orí 19, ka ẹni tó bá fọwọ́ kan òkú sí aláìmọ́ fún ọjọ́ 7, ẹni tó bá mọ òfin yóò máa takété sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni. Jésù kò takété. Àwọn tó ń gbé òkú sì dúró jẹ́ẹ́.

Ó tún ku gbólóhùn kékeré kan: ó fi ọmọ náà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń ka Bíbélì rẹ̀ tinútinú yóò bi ara rẹ̀ pé, níbo ni mo ti gbọ́ èyí rí? Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 17 ni. Opó ni ti Sáréfátì náà, ẹnu ibodè ìlú ni Èlíjà ti kọ́kọ́ bá a pàdé, ọmọ rẹ̀ kú, wòlíì gbàdúrà, ọmọ jí, ó sì fi í fún ìyá rẹ̀. Lúùkù mọ ohun tó ń ṣe. Abájọ tí àwọn ará Náínì fi pariwo pé wòlíì ńlá ti dìde láàárín àwọn. Èlíjà na ara rẹ̀ lé ọmọ náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ń ké pe Ọlọ́run. Ní ti Jésù, ọ̀rọ̀ lásán ló sọ sí òkú, òkú dìde jókòó. Odindi ìwàásù kan wà nínú ìyàtọ̀ yẹn nìkan.

Ibì kan wà tí èmi máa ń dúró sí pẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé Yorùbá ni mí. Nílẹ̀ wa, òkú ọ̀fọ̀ ni òkú ọmọ tó ṣáájú ìyá rẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Wọ́n á mú ìyá wọ yàrá, àwọn obìnrin á jókòó yí i ká, àwọn ọkùnrin á gbé òkú lọ láìsí ariwo. Àṣà tiwọn ní Náínì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin yẹn ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀lé òkú ọmọ rẹ̀ jáde nílùú, lójú gbogbo èèyàn. Ẹ sọ èyí fún ìjọ Yorùbá, ẹ sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má fi nǹkan kan kún un. Ilé á pa lọ́lọ́. Gbogbo ìyá tó wà níbẹ̀ ló mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń wí. Ẹ ò ní í nílò ìlù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Ní ìjókòó kẹta lápá òsì, ìyá kan wà níbẹ̀ tó pàdánù ọmọ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ó gbààwẹ̀ nígbà tí ọmọ náà ń ṣàìsàn. Ó lọ sí ìṣọ́ òru. Ó mú òróró wálé, ó mú omi àdúrà wálé. Ọmọ kú, kò sì jí. Nígbà tí oníwàásù bá ń pariwo pé "tìrẹ náà yóò jí," kí ni ìyá yìí ń gbọ́? Ó ń gbọ́ pé ìgbàgbọ́ òun ló kéré. Ó ń gbọ́ pé Ọlọ́run rí opó Náínì, kò rí òun. Kò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni. Yóò dìde bí àwọn yòókù ti dìde, yóò gbé ọwọ́ sókè, yóò ṣe "Àmín," yóò sì ru ẹrù náà padà sílé, ó ti wúwo ju bó ṣe gbé e wá lọ.

Ìyà ńlá ni irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ fi ń jẹ èèyàn, inú sì ń bí mi sí i. Ẹni tó bá fẹ́ wàásù lórí Náínì gbọ́dọ̀ gbé ojú ìyá yẹn sọ́kàn láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé. Kó bi ara rẹ̀ pé, kí ni mo lè sọ fún un tó jẹ́ òtítọ́? Ó lè sọ pé ọmọ Náínì náà tún padà kú lọ́jọ́ mìíràn, nítorí kò sí láyé mọ́. Ó lè sọ pé kí Jésù tó ṣe iṣẹ́ ìyanu kankan, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, Lúùkù ti kọ́kọ́ sọ pé ó rí obìnrin náà. Ó lè sọ pé ẹni tó kọ́kọ́ pàdé òkú lẹ́nu ibodè Náínì, wọ́n mú òun náà jáde lọ pa lẹ́yìn odi Jerúsálẹ́mù, ìyá rẹ̀ sì dúró níbẹ̀ tó ń wò ó. Èyí ni a fi ń pè é ní ìròyìn ayọ̀.

Báwo ni oníwàásù ṣe máa mọ̀ pé irú ìyá bẹ́ẹ̀ wà níjókòó? Kó máa wọ ilé wọn ni. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí kì í ṣe ìbẹ̀wò, tó jẹ́ pé ọkọ̀ ló ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn, tí ọkọ̀ náà á tún gbé e lọ, ó lè jẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó já fáfá, kò lè mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Lórí rédíò níbí, èmi kò rí ojú yín. Ìyà tó ń jẹ iṣẹ́ tiwa nìyẹn. Ẹni tó dúró níwájú ìjọ ń rí ojú àwọn èèyàn, ó sì yẹ kó lè ka ohun tó wà níbẹ̀.

Ó tún kù síbi èdè. Crowther kò gbà pé nítorí òun jẹ́ ọmọ Yorùbá, Yorùbá òun ti tó. Ó máa ń tẹ́tí sí ẹnu àwọn àgbà, ó ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀, ó ń bi wọ́n léèrè. Ìṣe yẹn wà lára ohun tó mú kí Bíbélì Yorùbá, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí títí tó fi pé ní 1884, dùn létí títí di òní. Àwa ńkọ́? Mo mọ ìjọ tó jẹ́ pé kò sí ẹni kan níjókòó tí kò gbọ́ Yorùbá, oníwàásù náà sì jẹ́ ọmọ ìlú yẹn gan-an, síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, ògbufọ̀ dúró tì í tó ń sọ ọ́ padà sí Yorùbá. Ìdajì àsìkò ti lọ báyẹn. Ògbufọ̀ wúlò níbi tí èdè ò ti papọ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún ògbufọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí iṣẹ́ tó le ni. Àmọ́ kí ọmọ ilé máa fi ògbufọ̀ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, àṣejù ni.

Àwọn mìíràn ń sọ Yorùbá o, ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n fi ń sọ ọ́ kì í ṣe tiwọn. Wọ́n ti wo fídíò ìwàásù ẹni ńlá kan títí, wọ́n ti kọ́ bó ṣe ń ha ohùn, bó ṣe ń nu òógùn, bó ṣe ń dákẹ́ kó tó tún bú sí i. Wọ́n kọ́ ìtàn rẹ̀ náà, wọ́n sì ń sọ ọ́ bíi pé ojú wọn ló ṣe. Irọ́ ni. Ẹni tó bá ń purọ́ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lọ́nà Ìbàdàn, ta ló máa gbà á gbọ́ tó bá ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ibojì Jésù? Ẹ kà, ẹ gbọ́, ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ṣáájú, kò burú rárá. Tẹ́ ẹ bá yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ dárúkọ rẹ̀.

Ti gígùn ìwàásù, n kò ní í pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ gùn di ọ̀gànjọ́ òru ní Tíróásì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sùn lọ lójú fèrèsé, ó sì já bọ́ láti àjà kẹta. Pọ́ọ̀lù jí i dìde. Àwa tí a ò lè jí ẹnikẹ́ni dìde, ká tètè máa jókòó.

Àwọn kan á sọ pé, "Ẹ̀mí Mímọ́ ló máa fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu, kí ni mo fẹ́ máa múra sílẹ̀ fún?" Wọ́n á tọ́ka sí Mátíù orí 10. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ibẹ̀ dáadáa. Àwọn tí Jésù ṣe ìlérí yẹn fún ni àwọn tí wọ́n bá wọ́ lọ síwájú àwọn gómìnà àti ọba nítorí rẹ̀, àwọn tí kò ráyè múra sílẹ̀. Ẹni tó ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì pé òun ló máa wàásù, ìlérí yẹn kò kàn án. Wọ́n tún máa ń fi oníwàásù Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe àwíjàre. Lóòótọ́, Babalọlá kò kàwé púpọ̀. Rólà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì, ló ń wà lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ nígbà tí ìpè dé bá a ní 1928. Ọdún 2 lẹ́yìn náà, ní 1930, èrò ń wọ́ tọ̀ ọ́ ní Òkè-Ooye, Iléṣà. Ṣùgbọ́n kí ni ọkùnrin yẹn ń ṣe láàárín? Ààwẹ̀ ni, àdúrà ni, tọ̀sán-tòru. Ìmúrasílẹ̀ tirẹ̀ nìyẹn, ó sì le ju kíkọ ìwé lọ. Àwọn tó ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe àwíjàre kò kàwé bíi ti Crowther, wọn ò sì gbàdúrà bíi ti Babalọlá.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí iṣẹ́ yìí ń gbà lára ẹni, nítorí a kì í sábà sọ ọ́ síta. Charles Spurgeon jẹ́ ọmọ ọdún 19 nígbà tí ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Lọ́ńdọ̀nù pè é ní 1854 láti wá máa ṣe olùṣọ́ àgùntàn wọn. Kò pẹ́ tí ilé ìsìn fi kún jù. Lálẹ́ ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá 1856, ó ń wàásù ní gbọ̀ngàn Surrey Gardens, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan kígbe pé iná ń jó. Kò sí iná kankan. Àwọn èèyàn sáré tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, èèyàn 7 kú. Ọmọ ọdún 22 péré ni oníwàásù náà. Ìdààmú ọkàn tó bá a kò fi í sílẹ̀ tán títí tó fi kú ní 1892, bẹ́ẹ̀ òun ni oníwàásù tí gbogbo ayé ń pariwo orúkọ rẹ̀. Nígbà tó wá ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́, ó ya ẹ̀kọ́ kan sọ́tọ̀ gedegbe fún ìrẹ̀wẹ̀sì tó máa ń bá oníwàásù. Kò fi pa mọ́ fún wọn pé òun náà ń jẹ nínú rẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, bí àlùfáà bá sọ pé ọkàn òun rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n á ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, tàbí kí wọ́n ní wọ́n ti ń bá a jà láti ilé bàbá rẹ̀. Nítorí náà, yóò dákẹ́. Ọjọ́ Sátidé, ó sin ọmọdé kan. Ọjọ́ Àìkú, ó gbọ́dọ̀ yọ̀ níbi ìdúpẹ́ ìgbéyàwó. Lálẹ́, tọkọtaya kan á kó ẹjọ́ wá bá a. Ọ̀rọ̀ gbogbo ìjọ wà níkùn rẹ̀, kò sì lè sọ ọ́ fún ẹnì kankan, títí kan ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó náà ń rí i. Àwọn ọmọ ń rí i. Àwọn ló mọ̀ bóyá sùúrù tí bàbá wọn wàásù rẹ̀ láàárọ̀ wà nílé lálẹ́. Ẹni tó bá ní òun ó dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò, ilé ni wọ́n sì ti máa ń kọ́kọ́ wò ó. Oníwàásù tó ń na ìyàwó rẹ̀, tó ń jẹ ìyá ológì ní gbèsè tí kò fẹ́ san, kò sí ọgbọ́n ìwàásù tó lè bo èyí mọ́lẹ̀. Ìlú ti gbọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìjọ náà, ẹ máa bi àlùfáà yín léèrè àlàáfíà rẹ̀, kẹ́ ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Ẹ jẹ́ kó ní ọjọ́ ìsinmi. Ẹ yé pè é láago mẹ́wàá alẹ́ Sátidé nítorí ọ̀rọ̀ àga ìjókòó.

Àwọn tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ tààrà kí n tó dákẹ́ ni ẹ̀yin tẹ́ ò lọ sílé ẹ̀kọ́ àlùfáà. Kì í ṣe gbogbo ìjọ ló rí ẹni tó kàwé gboyè ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ìbàdàn. Olùkọ́ ni yín, tàbí àgbẹ̀, tàbí télọ̀, ìjọ kékeré ní abúlé sì ní kẹ́ ẹ máa wàásù lọ́jọ́ tí àlùfáà bá wà níbòmíràn. Iṣẹ́ ńlá lẹ̀ ń ṣe. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ẹ ka ibi tẹ́ ẹ máa wàásù lé lórí sókè ketekete, nínú ilé yín, kí àwọn ará ilé gbọ́. Ẹ bi ọmọ yín tó kéré jù pé kí ló gbọ́. Ẹ tún un kà lójoojúmọ́, pàápàá ohun tó ṣáájú rẹ̀ àti ohun tó tẹ̀lé e. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sílẹ̀ tó jẹ́ pé òun lẹ fẹ́ kí wọ́n gbé lọ sílé. Bí ẹ kò bá tíì lè kọ ọ́, ìwàásù ò tíì délẹ̀. Ibi tí kò bá yé yín nínú ẹsẹ náà, ẹ sọ fún ìjọ pé kò yé yín, wọn ò ní í fojú kéré yín. Bí ẹ bá sì mọ̀ pé ìbéèrè kan wà lọ́kàn ẹnì kan níbẹ̀ tí kò ní ìdáhùn lọ́wọ́ yín, bíi ti ìyá tó sin ọmọ rẹ̀ yẹn, ẹ má ṣe dá a lóhùn nígbangba láti ibi tẹ́ ẹ dúró sí. Ẹ parí ìsìn, ẹ lọ sílé rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ jókòó, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí òun sọ tirẹ̀.